Epo ọdún mẹ́jọ nínú táńkì Ìjàpá: ṣé kí n da tuntun lé e ni, àbí kí n fà á jáde?

Àkàndé Oníjàpá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Volkswagen Ìjàpá kan ló wà nílẹ̀ níbí, ti ọdún 1978, ẹ́ńjìnnì 1300, kábúrétọ̀ Solex kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Òjó l'Ékòó. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tó ti wà lábẹ́ páànù n'Íbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò nọ́ọ̀kì, ó ń yí geere tí èèyàn bá fi sípánà yí i láti ara púlì. Bátìrì tuntun ti wà nílẹ̀.

Epo ló kù. Bẹntiróòlù wà nínú táńkì. Igi tí mo tì bọ̀ ọ́ fi hàn pé ó tó ìdajì, ìyẹn bíi lítà 20. Mẹkáníìkì kan ní kí n da lítà 10 tuntun lé e, pé tuntun á jí àtijọ́. Ẹlòmíì ní kí n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí n fi ẹnu fà á. Ṣé epo ọdún mẹ́jọ ṣì wúlò? Bí mo bá fẹ́ fà á, ṣé láti ẹnu táńkì ni àbí láti ìsàlẹ̀? Ṣé dandan ni kí táńkì kúrò lára ọkọ̀?

Ọ̀gá Solex:

Ẹ má da nǹkan kan lé e. Ẹ má sì tíì so bátìrì yẹn mọ́ ọn. Bí ẹ bá sítáàtì ọkọ̀ báyìí, páǹpù á fa gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ táńkì gba inú ọ̀pá tó la àárín ọkọ̀ kọjá lọ sí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, á gbé e dé inú kábúrétọ̀. Iṣẹ́ àárọ̀ kan á wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ti pé tuntun á jí àtijọ́ yẹn, ta ló ń bu ọbẹ̀ tuntun lé èyí tó ti kan, kó wá retí pé kó dáa? Àdàlù ni bẹntiróòlù. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó tutù tètè gbiná, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń fò lọ, torí táńkì Ìjàpá ní ihò tó fi ń mí. Nínú ooru tiwa, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ti tó kí epo bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Èyí tí kò fò lọ, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀: ó ń ki, ó ń fà bí oje igi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá gbẹ sí. Omi náà á ti wọ̀ ọ́. Tí ara táńkì bá tutù lóru, ìrì á sẹ̀ sí apá tí kò sí epo, á ṣàn lọ sísàlẹ̀, torí omi wúwo ju epo lọ. Táńkì tó wà ní ìdajì fún ọdún mẹ́jọ, àyè tí ìrì rí níbẹ̀ kò kéré.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fa ìdajì lítà láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe láti òkè, sínú ìgò funfun. Ẹ bu epo tuntun sínú ìgò kejì. Ẹ dé méjèèjì, ẹ gbé wọn síbi tí oòrùn ò dé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wò wọ́n pọ̀. Tuntun á mọ́ roro, òórùn rẹ̀ á gún imú. Èyí tó ti bàjẹ́ á pọ́n bí oyin tàbí kó dúdú, òórùn rẹ̀ á jọ ti fáníìṣì tí káfíńtà fi ń kun àga. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí ìlà kan gbọọrọ níbi tí òun àti epo ti pàdé. Àwọn kan máa ń dà á sílẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i láti mọ̀ bóyá ó ṣì dáa. Ẹ má dán an wò. Epo tó ti bàjẹ́ kanlẹ̀ ṣì ń jó lalá lórí ilẹ̀, ìyẹn ò sì sọ ohun tó máa ṣe nínú kábúrétọ̀.

Ó kan bí ẹ óò ṣe fà á. Ẹ ti ọkọ̀ síta gbangba ní kùtùkùtù, sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ààrò, jẹnẹrétọ̀, wẹ́dà àti ẹni tó ń mu sìgá má sí ní mítà 10 yí ká. Ẹ má ṣe é lórí kòtò mẹkáníìkì láéláé: oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò yẹn ló máa lọ jókòó sí, ẹ ò sì ní rí i. Kí ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun wà nítòsí. Omi kì í pa iná bẹntiróòlù, ńṣe ló ń gbé e rìn. Ibi tí bátìrì Ìjàpá wà ni abẹ́ àga ẹ̀yìn. Bí èyí tó ti kú bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tú wáyà négétíìfù rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ń fa epo Ìjàpá. Táńkì rẹ̀ tó gba lítà 40 wà nínú búùtù iwájú. Ẹ kọ́kọ́ fa èyí tó pọ̀ jù láti òkè, pẹ̀lú páǹpù ọwọ́ tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà láàárín. Ẹ so igi tín-ín-rín kan mọ́ orí rọ́bà rẹ̀, kí igi náà gùn jù ú lọ ní ìbú ìka méjì. Igi yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹnu rọ́bà kan ìsàlẹ̀. Epo òkè nìkan la ń wá báyìí. Bí ẹnu táńkì yín bá wà nínú búùtù, rọ́bà á wọlé tààrà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lóde ni, ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀, rọ́bà lè há síbẹ̀. Ẹ kúkú yọ géèjì orí táńkì, síkúrúù márùn-ún ló dè é, kí ẹ gba ihò rẹ̀.

Nígbà tó bá ku díẹ̀, ẹ bọ́ sábẹ́. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sórí sítáǹdì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ óò rí ẹnu tí epo ń gbà jáde lábẹ́ táńkì, pẹ̀lú rọ́bà kékeré tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5, tó so ó mọ́ ọ̀pá irin tó wọ àárín ọkọ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ wé rọ́bà náà, ẹ fi ẹ̀mú fún un pa, ẹ yọ ọ́ lára ọ̀pá irin, ẹ fi rọ́bà gígùn mìíràn so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ tó tú ẹ̀mú. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lò. Ohun tó máa jáde níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ tòkè.

Àwọn kan máa ń tú rọ́bà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì, kí epo máa ṣàn síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ṣàn lóòótọ́, torí táńkì ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdọ̀tí táńkì ni ẹ fi ń wẹ inú ọ̀pá tí ọwọ́ yín ò lè dé yẹn.

Màmá Jẹ́ẹ̀tì:

Àkàndé, àbúrò mi, Ọ̀gá Solex ò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ní kó o fi ẹnu fà á, mo sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tó wọ ikùn kọ́ ló burú jù, èyí tó yà gba ẹ̀dọ̀fóró ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ ti tó láti dá èèyàn dùbúlẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ, má fún un ní epo pupa mu, má sì jẹ́ kí wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bó bá ń bì í, bẹntiróòlù yẹn á tún gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, kódà kó jẹ́ pé ikọ́ nìkan ló ń wú.

Nípa ohun tó o máa gbà á sí: má lo báfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì irin lítà 20 tí wọ́n ṣe fún epo ló dáa jù. Méjì ni kó o ní, má sì rọ ọ́ kún dẹ́nu. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kó o gbé e sí, kì í ṣe orí ẹní rọ́bà, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Kí ẹnu rọ́bà kan ìdí kẹ́ẹ̀gì, kí epo má máa já láti òkè. Epo tó ń já láti òkè máa ń kó iná sára bí aṣọ nílọ́ọ̀nù ṣe ń kó o nígbà ọyẹ́, tó ń ta pá-pá tí èèyàn bá ń bọ́ ọ lóru. Iná bíńtín yẹn ti tó láti ran oru epo. Ìyẹn náà ló fà á tí mo fi ní kó o wọ aṣọ òwú lọ́jọ́ náà.

Tọ́ọ̀ṣì tó o bá fẹ́ fi wo inú táńkì, tàn án kó o tó sún mọ́ ọn, má sì pa á àfi tó o bá ti kúrò níbẹ̀.

Àkàndé Oníjàpá:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe ti ìgò. Epo náà pọ́n ju oyin lọ, òórùn fáníìṣì ni lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ìgò ní omi tó tó ìbú ìka kan, eruku pupa kan sì rọ̀ sínú omi yẹn, ó kúnná bí osùn. Láti òkè, lítà 16 ló jáde. Láti ìsàlẹ̀, ó ṣàn bíi lítà méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó, ó sì dá. Mo mi ọkọ̀, mo ń gbọ́ ohun tó ń ró pòlò-pòlò nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ 504:

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ yọ táńkì. Ẹ da lítà 5 epo tuntun sí i, ẹ mi ọkọ̀ dáadáa, ẹ fà á jáde, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí a ṣe ń ṣe é fún Peugeot nìyẹn.

Ọ̀gá Solex:

Ọmọ 504, ká ní epo nìkan ló bàjẹ́ ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Eruku bí osùn yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà: ìpẹtà ni, ó ti ń jẹ táńkì nínú. Bẹntiróòlù kì í ṣí ìpẹtà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á kù síbẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ bọ́ sí gálọ́ọ̀pù ló máa ṣí.

Ìdí tó fi dá nìyí, Àkàndé. Nínú ẹnu tí epo ń gbà jáde, asẹ́ kan wà tó dúró ṣánṣán sókè sínú táńkì. Ojú asẹ́ yẹn ti dí, omi tó sì wà ní ìsàlẹ̀ jù kò lè gòkè dé ibi tó ṣì ṣí. Lítà kan tàbí méjì tó kù yẹn ni wàhálà gbogbo. Lítà 18 tí ẹ ti fà jáde, ẹrù lásán ni wọ́n.

Ẹ yọ táńkì. Ti Ìjàpá rọrùn, òkè ló ń gbà jáde. Ẹ kó páálí búùtù kúrò. Ẹ tú wáyà tàbí okùn géèjì. Ẹ tú rọ́bà ńlá ẹnu táńkì, bó bá ní ọ̀kan, àti rọ́bà kékeré tó fi ń mí. Ẹ kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀. Ẹ bọ́ sábẹ́, kí ẹ rí i dájú pé rọ́bà epo ti kúrò. Bótì mẹ́rin pẹ̀lú abala irin kọ̀ọ̀kan ló mú un ní igun mẹ́rin, sípánà 13 ló ń tú u. Bí wọ́n bá ti dípẹtà, ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọ bótì sí wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fóòmù tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ wà láàárín táńkì àti bọ́dì, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi irin tì í, abẹ́ rẹ̀ kò nípọn.

Tó bá ti jáde, ẹ da ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ tú asẹ́ yẹn, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ẹnu ìsàlẹ̀.

Oje epo gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn ló kọ́kọ́ máa lọ, torí ásíìdì kì í wọ inú rẹ̀. Tínà lítà méjì, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì irin 30 tí ẹ kà wọlé. Ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ yí i sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dà á síta, ẹ ka nọ́ọ̀tì. Tí wọn ò bá pé 30, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ Omo fọ tínà kúrò, ẹ ṣan án títí òórùn á fi tán.

Ìpẹtà ló kàn. Sitiríkì ásíìdì ni mo fẹ́ràn, ásíìdì kan náà tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun funfun ni, àwọn tó ń ta kẹ́míkà l'Ọ́jọ́ta ní i. Kìlógíráàmù 2 fún táńkì lítà 40 tó kún fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ rọ omi náà dẹ́nu, torí òkè táńkì tí epo kì í dé ni ìpẹtà máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ má dé e pinpin, ó ń yọ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ẹ wò ó; púpọ̀ nínú wọn á mọ́ láàárín wákàtí 12 sí 24. Omi bátìrì kọ́ ni mo wí o! Ìyẹn á jẹ irin tó dáa pọ̀ mọ́ ìpẹtà.

Ẹ̀yìn tí ásíìdì bá jáde ni ọ̀pọ̀ ń kùnà. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí omi wà lára rẹ̀, á tún pọ́n lójú yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà kí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó da ásíìdì nù: sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, ìdajì kìlógíráàmù, tí ẹ ti pò mọ́ omi lítà 20, omi mímọ́ láti fi ṣàn án, àti sípíríìtì aláwọ̀ aró lítà kan. Omi sódà wọlé, ẹ yí i káàkiri, ó jáde. Omi mímọ́ wọlé, ó jáde. Sípíríìtì wọlé, ẹ yí i, ó jáde, òun ló ń gbé omi tó há sí igun jáde. Ẹ wá dojú táńkì kọ oòrùn, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣí. Tó bá ti gbẹ, ẹ da bẹntiróòlù ìdá mẹ́rin lítà tó ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ nínú sí i, ẹ yí i kó lè fi ọ̀rá bo irin náà.

Bí ẹ bá rí ihò, ẹ má gbé e fún wẹ́dà bẹ́ẹ̀. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo olómi, oru sì lè wà nínú táńkì tí èèyàn ti gbàgbé ọjọ́ tó fà á.

Ará Peckham:

Ẹ kú làákàyè. Níbí ní London, ẹnu ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀, torí láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni epo E10 ti di bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ jù ní ilé epo Britain, ìyẹn ni pé ethanol (irú ọtí kan) inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá. Ethanol máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí omi bá pọ̀ jù, òun àti omi á jọ yà kúrò lára bẹntiróòlù, wọ́n á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀. Ó tún ń rọ rọ́bà àtijọ́. Oníjàpá tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́ nígbà òtútù níbí, kó lọ ra E5, èyí tí wọ́n ń pè ní super. Ní Nàìjíríà ẹ kì í sábà bá ethanol pàdé, ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún 2022 kò tíì pẹ́ jù, nígbà tí epo tó ní methanol, irú ọtí mìíràn, wọlé. Àbọ̀ rẹ̀ lára rọ́bà kò dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, Àkàndé, gbogbo rọ́bà epo ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ nígbà tí táńkì bá wà nílẹ̀: èyí tó wà lábẹ́ táńkì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì, èyí tó ti páǹpù lọ sí kábúrétọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ SAE J30R9 sí lára, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5. Àwọn ọlọ́jà máa ń ní kí ẹ gbé 6, kí ẹ fi klíìpù fún un. Klíìpù á ká rọ́bà jọ, epo á máa gba ojú ibi tó ká yẹn jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fílítà oníke sáàárín páǹpù àti kábúrétọ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú ti rọrùn láti rí i. Òkè ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni, ó ń mì jìgì-jìgì, ọrùn ike náà á kán lọ́jọ́ kan, epo á máa kán sórí dísítíríbútọ̀. Abẹ́ táńkì níwájú ni kó wà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì kó tó dé páǹpù. Bí ẹ bá sì ti wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ wo ibi tí ọ̀pá epo ti gba inú páànù ẹ́ńjìnnì kọjá: rọ́bà róbótó kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, páànù á máa rẹ́ ọ̀pá náà títí yóò fi lu. Ẹ fi ọwọ́ mú ọ̀pá bàbà kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀, ẹ mì í. Tó bá mì, ó máa yọ lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì á sì wà lórí iná nígbà yẹn. Ìjàpá tó jóná nípa báyìí kò lóǹkà.

Ọ̀dà tí wọ́n ń dà sínú táńkì láti fi bo ìpẹtà ńkọ́? Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún táńkì tí kò lu. Tí ìpẹtà díẹ̀ tàbí omi bá kù lábẹ́ rẹ̀, á bó bí awọ ejò, á sì lọ dí asẹ́ tuntun yín.

Màmá Jẹ́ẹ̀tì:

Bí táńkì ṣe ń gbẹ, má jókòó lásán. Tú rọ́bà epo níwájú àti lẹ́yìn, kí fókánáísà fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá àárín ọkọ̀. Jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ síta fún ìgbà díẹ̀ ná, torí omi máa ń wà nínú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn sí iwájú ni kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí padà gba ibi tó gbà wọlé, lẹ́yìn náà láti iwájú sí ẹ̀yìn. Fi aṣọ funfun gba ohun tó ń jáde. Tí aṣọ ò bá pọ́n mọ́, ó tó.

Wá yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń run bẹntiróòlù, rọ́bà pẹlẹbẹ inú páǹpù epo ti ya, epo ti ń gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì. Pààrọ̀ páǹpù, kó o sì da ọ́ìlì nù, lítà méjì ààbọ̀ péré ni. Kódà bí kò bá run, rọ́bà tó ti gbẹ fún ọdún mẹ́jọ kì í pẹ́ ya tí epo tuntun bá ti kàn án. Kí òmíràn wà nílẹ̀.

Ó wá kan Solex fúnra rẹ̀. Síkúrúù márùn-ún ló dé orí rẹ̀. Inú abọ́ tí fílóòtù, ohun tó ń léfòó lórí epo, wà ni wàá ti rí ohun tó jọ oyin tó ti gbẹ, aláwọ̀ ewé níbi tó bá kan bàbà. Yọ fílóòtù, yọ nídù tó ń ṣí tó ń pa epo. Tí nídù náà bá lẹ̀ ní ìpadé, epo ò ní wọlé; tó bá lẹ̀ ní ìṣísílẹ̀, epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tú jẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹyọ bàbà oníhò tíntín tí epo ń gbà, tó wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́, àti jẹ́ẹ̀tì kékeré. Fi wọ́n sínú tínà mọ́jú. Ní àárọ̀, gbé jẹ́ẹ̀tì sókè sí ojú ọ̀run, wo inú rẹ̀: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí róbótó, kí etí rẹ̀ máa dán. Bí ohun kan bá ṣì wà níbẹ̀, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ni kó o fi tì í, ẹyọ kan tó tín-ín-rín, kó o yí i nígbà tó o bá ń tì í. Bàbà rọ̀. Wáyà á fẹ ihò náà lójú láì jẹ́ kó o mọ̀, ọkọ̀ á wá máa mu epo bí ẹlẹ́mu, wàá sì máa wá ẹ̀sùn sí plọ́ọ̀gì lẹ́sẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti padà sípò, da lítà 10 tuntun sí i, kó o gbé páálí funfun sábẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ fún wákàtí kan. Bí páálí bá gbẹ, so bátìrì. Yọ wáyà tó wà lórí ojú 15 lára kọ́ìlì kó má tíì gbiná, yọ rọ́bà epo lára kábúrétọ̀, ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, kí ẹnì kan sítáàtì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Epo gbọ́dọ̀ máa tọ pìyà-pìyà sínú ìgò, kó sì mọ́. Bí kò bá tọ, sinmi sítátà fún ìṣẹ́jú kan, tún un ṣe. Ìgbà tó bá mọ́ lo tó máa so rọ́bà padà mọ́ kábúrétọ̀.

Àkàndé Oníjàpá:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Táńkì ti wà nínú ásíìdì láti àná, ó ti ń funfun. Lítà 18 yẹn wá ńkọ́? Ẹnì kan ti ní kí n fún òun, òun á dà á mọ́ kẹrosíìnì.

Màmá Jẹ́ẹ̀tì:

Má fún un! Kẹrosíìnì tí bẹntiróòlù bá wọ̀, sítóòfù àti àtùpà ló ń bú gbàmù. Bó ti wù kó kéré tó. Má dà á sí gọ́tà, má sì dà á lé pàǹtí kó o ṣáná sí i.

Lítà 16 ti òkè, jẹ́ kó rọ̀ fún ọjọ́ méjì, kó o fa èyí tó mọ́ lókè, kó o sẹ́ ẹ. Àwọn mẹkáníìkì máa ń fi irú ẹ̀ fọ ṣéènì àti irin ẹlẹ́gbin ní gbangba, fún wọn kó o sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Epo tó pọ́n tó tìrẹ yẹn, mi ò ní dà á síbẹ̀, kódà bí mo bá da tuntun mọ́ ọn. Méjì ti ìsàlẹ̀ tó lómi, kọ "epo bíbàjẹ́" sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, pa á mọ́ pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó o dà nù títí àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù á fi kọjá, kó o béèrè bóyá wọ́n á gbà á. Má dà á pọ̀ mọ́ ọ́ìlì náà kó tó dìgbà yẹn.

Ọ̀gá Solex:

Ó ku ohun kan kí táńkì tó padà wọlé. Rọ́bà kékeré tó fi ń mí yẹn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá jókòó ọdún mẹ́jọ, agbọ́n á ti fi ẹrẹ̀ dí i. Bó bá dí, ọkọ̀ á gbiná dáadáa, á rìn fún bí ìdajì wákàtí, á wá máa kọsẹ̀ bí ìgbà tí epo tán, a ó sì máa tú kábúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀ wá. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Tí ẹ bá gbọ́ ṣííì, tó sì tún gbiná lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà yẹn ni.

Fílítà tuntun, ẹ wò ó lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tún wò ó ní kìlómítà 100. Osùn díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ò burú. Tó bá tún wà níbẹ̀ nígbà kejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé nọ́ńbà ẹni tó ta kẹ́míkà fún yín l'Ọ́jọ́ta pamọ́.